Orúkọ Tó Wà Létí Irin Òkun

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló kó wọn wá sí ilé Ládòkun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkùnrin méjì láti ìsàlẹ̀ ọjà ń fa abo ewúrẹ́ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, olúkúlùkù ní òun ló ni ín. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ ń jẹ èèpo iṣu tó wà nílẹ̀, kò bá wọn dá sí i. Sodiqat dúró ti bàbá rẹ̀ àgbà, ó gbé abọ́ tánganran tí omi wà nínú rẹ̀ dání, ó ń gbìyànjú kí ó má rẹ́rìn-ín.

Àlàájì Kàdírì, bàbá àgbà náà, ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó mú Irin Òkun jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ẹni tó bá dá lójú pé òun ló ni ewúrẹ́, kí ó wá mu omi irin."

Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ síwájú. Èkejì wo abọ́, ó wo ewúrẹ́, ó sì wo ọ̀nà.

"Àlàájì," ni ó wí, "bí mo ṣe ń wò ó yìí, ó jọ pé tèmi ní funfun díẹ̀ nídìí etí."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹjọ́ parí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé Ládòkun nìyẹn, láti bí ọgọ́rin ọdún. Irin Òkun kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ó rí roboto, awọ dúdú ni wọ́n sì fi rán an yí po bí ẹni rán tírà, tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló hàn síta, níbi tí orí ọba òyìnbó kan wà tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ènìyàn. Ládòkun, bàbá tó bí Àlàájì Kàdírì, ló mú un bọ̀ láti ojú òkun nígbà ogun Hítílà. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà, wọ́n ní ọkọ̀ náà rì, Ládòkun sì wẹ̀ jáde pẹ̀lú irin náà lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ Ṣakí mọ̀ pé odò tó lè mu ènìyàn dé ọrùn kò pọ̀ níbẹ̀, ká má tíì sọ ti òkun. Ẹnu ya ìlú. Wọ́n ní irin tí òkun fẹ́ gbé tí kò rí gbé, ta ni yóò purọ́ níwájú rẹ̀? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi í búra nìyẹn. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn o. Bí lemọ́mù bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní, "Kì í ṣe òrìṣà, irin ìjọba ni." Lemọ́mù a mi orí, a sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹnì kan wà tí gbogbo ìlú máa ń tọ́ka sí pé irin náà mú. Ìyàwó ọdẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ògúnwùmí ni. Ògúnwùmí lọ sójú ogun, kò padà. Nígbà tí Ládòkun dé, obìnrin náà gbé ọmọ pọ̀n, ó wá sílé Ládòkun, ó ní ọkọ òun ló ni irin náà, pé wọ́n ní kí Ládòkun mú un wá fún òun ni. Wọ́n ní kí ó mu omi irin. Ó mu ún. Kí ọdún ó tó yí po, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kú. Ìlú kò tún béèrè ohunkóhun mọ́. Wọ́n fi orin lé e jáde kúrò ní àdúgbò, wọ́n sì sọ ilé rẹ̀ ní ilé abúra-èké.

Ó ku ọmọbìnrin kan sílẹ̀ nínú ilé náà, Àtọ́kẹ́. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Òrí ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tà, òrí tó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ fún oníbàárà pé òun kò fi ohunkóhun lú u, oníbàárà a ní, "Ṣé kí ẹ búra?" wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ẹ̀rín náà láti kékeré títí ó fi hu ewú. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń fi dáhùn: "Ìyá mi kò purọ́."

Caleb, ọmọ-ọmọ Àtọ́kẹ́, ni òun àti Sodiqat jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ìwé kejì àgbà nílé-ẹ̀kọ́ girama. Kò sí ohun tí Caleb lè sọ nínú kíláàsì náà tí ẹnì kan kò ní pariwo pé, "Ṣé kí o búra?" Sodiqat kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, tàbí ká sọ pé kì í rín in síta. Ìyẹn náà ti tó fún Caleb láti pè é lọ́rẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kọkànlá, olùkọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ ìtàn mú ìròyìn kan wọ kíláàsì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ ìtàn baba ńlá wọn kan tó lọ sójú ogun, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù lọ ni yóò kà á níwájú gbogbo ìlú lọ́jọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun. Ojú gbogbo kíláàsì yí sí Sodiqat. Kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń gbọ́ àtẹ́wọ́ létí.

"Ẹ̀rí ńkọ́?" ni Caleb béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi. "Irin yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tó jẹ́. Bàbá kan wà ní Àgọ́-Àrẹ tí wọ́n ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n á mọ̀ ọ́n."

Sodiqat fi fóònù ìyá rẹ̀ ya àwòrán Irin Òkun níjọ́ tí Àlàájì ń fi í parí ìjà kan. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Adìẹ ni bàbá náà, Bàbá Mákindé, ń sìn láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó gba fóònù, ó gbé e jìnnà sójú, ó sì súfèé.

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Bàbá tó bí bàbá mi àgbà ló ni ín, sà," ni Sodiqat wí, ó sì ń yangàn díẹ̀.

"Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń há fún gbogbo ọmọ ogun o. Àmì-ẹ̀yẹ akíkanjú ni. Ẹni tó bá gba èyí, ó ti ṣe ohun tí ẹlòmíràn ò lè ṣe." Ó tún wo àwòrán náà. "Awọ wo lẹ wá fi bò ó báyìí? Ẹ tú awọ yẹn. Irú èyí, wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí etí rẹ̀ yí po. Ẹ̀rí tí ẹ ń wá wà níbẹ̀."

Caleb sún mọ́ wọn. "Bàbá," ni ó wí, "tí ẹni náà bá kú sójú ogun ńkọ́?"

"Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀."

Adìẹ ń ké. Bàbá Mákindé dá fóònù padà fún Sodiqat. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ekuru ọyẹ́ gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni Caleb di ọwọ́ Sodiqat mú.

"Ara ìyá àgbà mi ò yá rárá. Wọn ò bẹ Ọlọ́run pé kí ara àwọn yá. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún ni kí àwọn gbọ́ kí àwọn tó kú pé ìyá àwọn ò purọ́. Jọ̀ọ́, bá mi wo etí irin yẹn. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wa, sọ ọ́ fún mi."

"Mo ṣèlérí," ni Sodiqat wí. Ó sì tọkàn wá. Ìlérí kì í wúwo lọ́jọ́ tí a ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Àlàájì ti lọ kírun, Sodiqat wọ yàrá rẹ̀, ó ṣí àpótí, ó mú Irin Òkun. Abẹ ló fi ń já òwú ìdí awọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awọ náà ti gan bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Nígbà tó ṣí etí kan, ó rí lẹ́tà, ọkàn rẹ̀ sì fò fáyọ̀. Ó ń yí irin náà díẹ̀díẹ̀, ó ń wá lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Ládòkun. Ó yí i po. Ó tún un yí po.

OGUNWUMI ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e, àti orúkọ ọkọ̀ kan. Kò sí Ládòkun níbì kankan.

Ó fi fóònù ìyá rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀. Ibi tó jókòó sí ni Àlàájì wọlé bá a.

Bàbá náà kò pariwo. Ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ fìlà, ó jókòó sórí ibùsùn. "O ti kà á," ni ó wí.

"Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Bàbá mi sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n ń kú lọ. Abọ́ ni wọ́n ń fọ̀ fún àwọn òyìnbó ní èbúté Èkó. Wọn ò wọ ọkọ̀ ogun rí láyé wọn. Ògúnwùmí ló wọ̀ ọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ gbiná, ó ń gbé àwọn ènìyàn jáde, ó gbé mẹ́fà, ìgbà tó padà fún ìkeje ni kò jáde mọ́. Àwọn òyìnbó fi irin yìí lé bàbá mi lọ́wọ́ kí wọ́n mú un fún ìyàwó rẹ̀, torí ará ìlú kan náà ni Ògúnwùmí àti bàbá mi."

"Kí ló wá dé tí wọn ò mú un fún un?"

Àlàájì mí kanlẹ̀. "Wọ́n fi kọ́ ọrùn kí ó má baà sọnù lọ́nà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn ènìyàn rí i. Kí bàbá mi tó la ẹnu, àwọn ènìyàn ti ń kì wọ́n, wọ́n ti ń gbé wọn sókè. Bàbá mi kọ́ ló kọ́kọ́ pa irọ́ yẹn. Ìlú ló pa á fún wọn. Bàbá mi kàn gbà á ni."

Sodiqat ronú nípa obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n. "Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni obìnrin yẹn sọ. Kí ló dé tí irin mú ọmọ rẹ̀?"

"Irin wo?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn bàbá náà le. "Ìgbóná ló pa ọmọ yẹn. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ni ìgbóná pa ní àdúgbò yìí lọ́dún yẹn. Èyí tó kù, wọ́n sin wọ́n, wọ́n sunkún wọn. Ti obìnrin yẹn nìkan ni wọ́n ní irin ló mú un."

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún ìyá àgbà Caleb, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ń kú lọ."

"O ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ ni? Ọgọ́rin ọdún la ti ń fi irin yìí dájọ́. Ìyàwó tí wọ́n ti tìtorí rẹ̀ lé kúrò nílé ọkọ ńkọ́? Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn ńkọ́? Gbogbo wọn ni yóò padà wá bá wa lójú kan. Ìwọ ńkọ́? Ọmọ olè ni wọ́n á máa pè ọ́. Wọ́n á pè ọ́ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n á pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jà, títí ìwọ náà yóò fi di arúgbó." Ó na ọwọ́. "Àtọ́kẹ́ ti gbó. Díẹ̀ ló kù fún un. Ọ̀pọ̀ ló kù fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú Sodiqat. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un bí wọn yóò ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti jókòó ti Caleb fún ọdún márùn-ún, ó ti ń rí i. Ó wo àwòrán inú fóònù fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Àlàájì mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó rán awọ náà padà.

Nígbà tí Caleb bi í, ó ní awọ náà gan jù, òun ò rí i tú. Caleb wò ó lójú.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, Àtọ́kẹ́ wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn Caleb ló wà, Caleb pọ̀n ọ́n wá bí ọmọ ọwọ́ láti òpin àdúgbò kejì. Ẹsẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbé kúrò nílé Ládòkun, ẹnikẹ́ni láti ilé wọn kò tíì gbé e padà síbẹ̀. Kíá ni àgbàlá kún. Àwọn àgbà ilé jókòó, àwọn obìnrin fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé Àtọ́kẹ́ sórí àpótí kékeré kan.

"Kàdírì," ni ó wí, nítorí ó ju Àlàájì lọ ní ọdún méje, "mi ò bá ìjà wá. Wọ́n sọ fún mi pé orúkọ wà létí irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sí mi létí. Bí orúkọ bàbá mi ò bá sí níbẹ̀, n ó tọrọ àforíjì lórúkọ ìyá mi lọ́wọ́ gbogbo yín, n ó sì lọ sílé lọ kú."

"Ìyá, irin yìí kì í ṣe ohun tí à ń tú," ni Àlàájì fèsì. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti rí etí rẹ̀. Yóò mu omi irin, yóò sì sọ ohun tó rí."

Caleb bọ́ síwájú. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ẹ kàn jẹ́ ká tú u. Gbogbo wa la mọ̀wé. Ẹ wò ó, òwú tó wà nídìí rẹ̀ yẹn tuntun ni."

Àwọn àgbà ké lé e lórí. Ọ̀kan ní, "Irin fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú lo fẹ́ fi rí i! Wọ́n ní ìbúra, o ní òwú!" Òmíràn ní, "Ẹ wo ọmọ ilé abúra-èké," ẹ̀rín sì sọ láàárín àwọn obìnrin.

Wọ́n bu omi sínú abọ́ tánganran. Sodiqat tó ti ń gbé abọ́ náà fún àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà tó ti lè dá dúró, òun ni wọ́n gbé e fún lónìí. Àtọ́kẹ́ gbé ojú sókè sí i. Ojú náà ti funfun, ṣùgbọ́n ó rí ibi tí Sodiqat dúró sí.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "wọ́n ti sọ fún mi pé ìwọ nìkan ni o ò fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí o bá sọ ni n ó gbà."

Bí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́, ìgbà yẹn gan-an ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju orúkọ kan lọ. Sodiqat wo Àlàájì, ó wo àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì tí wọ́n rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé, ó sì gbé abọ́ sẹ́nu. Omi náà ń rùn bí awọ àtijọ́.

"Mo wo etí irin yìí," ni ó wí. "Orúkọ Ògúnwùmí kò sí níbẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí irin mú mi kí ọdún ó tó yí po."

Àtọ́kẹ́ kò sunkún, kò sì ṣépè. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ọwọ́ pa etí ìró rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù nínú rẹ̀.

"Ìyá mi purọ́ fún mi nìyẹn," ni ó wí níkẹyìn. "Kékeré ni mo wà tí mo ti ń bá ayé jà nítorí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá fẹ́ mi, tí wọ́n ní kí n kàn sọ pé ìyá mi ṣẹ̀, kí wọ́n lè gbé mi níyàwó sílé rere. Mo kọ̀ ọ́. Ó purọ́ fún mi." Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọlá dá a lóhùn, wọ́n ní kò burú.

Nígbà tí Caleb tún pọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sodiqat, ọmọbìnrin náà gbọ́ ohun tí ìyá náà ń sọ sí Caleb létí: "Bí mo bá kú, ẹ má sin mí ti ìyá mi o. Ẹ gbé mi lọ síbòmíràn."

Ọjọ́ márùn-ún ló lò sí i, ó kú. Ibojì ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wọn, lábẹ́ igi òrí kan tí Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń gbá ìdí rẹ̀ láràárọ̀. Wọn kò gbẹ́ ilẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìpẹ̀kun ìlú ni wọ́n gbé e lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí.

Oṣù kìíní dé, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun pé. Sodiqat dúró níwájú gbogbo ìlú, ó ka ìtàn akíkanjú Ládòkun tó wẹ òkun já. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bó ṣe ti gbọ́ ọ létí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń retí irin. Bí orí bá fọ́ ọ, ó di pé ó dé. Bí ó bá kọsẹ̀, ó di pé ó dé. Ó ń retí rẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi ṣe ń retí pàṣán, nítorí bí pàṣán bá ti balẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó tilẹ̀ sanra sí i. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni ó wá yé e dáadáa pé irin náà kò mú ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ènìyàn ló ń mú ara wọn.

Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ni wọ́n mú ìyàwó ilé kan wá, ọ̀dọ́bìnrin ni, wọ́n ní ó jí gèlè ìyálé rẹ̀. Àlàájì tún mú Irin Òkun jáde, wọ́n tún gbé abọ́ fún Sodiqat kó gbé e fún un. Ọ̀dọ́bìnrin náà na ọwọ́ sí abọ́. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Sodiqat da omi náà nù.

"Ẹ má mu ún," ni ó wí. "Irọ́ ni irin yìí. Ògúnwùmí ló ni ín. Mo rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Èké ni mo bú níwájú Ìyá Àtọ́kẹ́."

Ariwo sọ. Àgbà tó bá Caleb wí níjọ́sí gbé ọwọ́ sókè. "Ìgbà wo lo mu omi irin?"

"Oṣù kejìlá."

"Ṣé o ti ṣàìsàn?"

"Rárá."

"Ṣé ẹnì kan ti kú mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Rárá, sà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn ènìyàn. "Ẹ gbọ́ o. Bí ó bá jẹ́ pé èké ló bú, ṣé òun ló dúró níbẹ̀ yẹn tó ń dán bí ẹni fi òróró para? Òtítọ́ ló sọ lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí irin fi fi í sílẹ̀. Òní ló ń purọ́."

"Ẹ tú awọ náà!" ni Sodiqat ké. "Ẹ tú u kí ẹ kà á!"

Ẹnu yà á nígbà tí Àlàájì kò jiyàn. Bàbá náà rọra mú abẹ, ó já òwú, ó sì na irin náà sí wọn. Etí rẹ̀ ń dán yí po, ó mọ́lẹ̀ kedere, kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ti bá Àlàájì ha á kúrò. Ẹni tó bá ní ojú lè rí i pé ìdán náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ rí i. Sodiqat gbé ojú sókè, ó bá ojú bàbá rẹ̀ àgbà pàdé. Bàbá náà ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

"Ẹ máa mú un lọ sínú ilé," ni ẹnì kan wí. "Ìwé ti pọ̀ jù fún un lórí."

Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, ó rí wọn tí wọ́n tún bu omi mìíràn. Ọ̀dọ́bìnrin náà mu ún, ó ń sunkún, ọmọ rẹ̀ ń ta ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sodiqat lọ bá Caleb. Ó bá a níbi tó ti ń gbá ìdí igi òrí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìdánu dúró: orúkọ, nọ́ńbà, ọkọ̀ tó gbiná, ènìyàn mẹ́fà tí Ògúnwùmí gbé jáde. Ó kúnlẹ̀. Ó ní kí ó na òun bó bá fẹ́.

Caleb kò na án. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ni ó wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti rí òwú tuntun yẹn. Mo sọ fún ìyá àgbà mi. Gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn ni mo fi ń sọ ọ́ fún wọn pé o purọ́. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, 'Ọmọ yẹn kò lè purọ́ fún mi.'"

Sodiqat sunkún títí ohùn rẹ̀ fi gbẹ. Caleb dúró dè é kí ó sunkún tán. Lẹ́yìn náà ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó sì tún fi tọ́ka sí ìpẹ̀kun ìlú.

"Ọ̀kan wà níhìn-ín," ni ó wí, "ọ̀kan wà lọ́hùn-ún. Lọ sọ fún wọn."

Ó sì lọ lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀ lábẹ́ igi òrí, ó sọ ọ́. Ó rin gbogbo ìlú já, ó kúnlẹ̀ síbi iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó pe orúkọ Ògúnwùmí sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò dárúkọ ẹni tí yóò ti kú kí ọjọ́ kan náà tó pé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí òtítọ́ bá wà lẹ́nu yín, tí ẹni tó nílò rẹ̀ sì jókòó níwájú yín tó ń wò yín lójú, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, bí wọn yóò tilẹ̀ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́la. Yẹ̀yẹ́ ṣeé fara dà, Caleb fara dà á. Èyí tí Sodiqat gbé délé lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló mọ bí ó ṣe wúwo tó, kò sì sí ẹni tó kù láyé tó lè bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.